Iṣẹ́ Láti Ilé: Ta Ló Ń San Owó Iná?

Ọ̀rọ̀ owó la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n ojú sáyẹ́ǹsì la máa fi wò ó.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, Andy Jassy, ọ̀gá àgbà Amazon, kọ lẹ́tà sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé láti ọjọ́ 2 oṣù Kìíní ọdún 2025, kí kálukú padà sí ọ́fíìsì fún ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, Twitter ti sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá gbà á lè máa ṣiṣẹ́ láti ilé títí láé. "Títí láé" yẹn ò pé ọdún mẹ́ta. Bí Elon Musk ṣe ra ilé-iṣẹ́ náà ní 2022 ló ní kí wọ́n máa bọ̀ ní ọ́fíìsì. Kódà Zoom, tí gbogbo ayé fi ń ṣèpàdé láti orí bẹ́ẹ̀dì, sọ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023 pé òṣìṣẹ́ tí ilé rẹ̀ ò ju nǹkan bíi kìlómítà 80 sí ọ́fíìsì gbọ́dọ̀ máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Àwọn ọ̀gá ní ọ́fíìsì ló dáa, àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé ló dáa, ariwo náà ò sì tíì tán. Ẹ jẹ́ ká gbé e sórí òṣùwọ̀n. Mò ń kàwé gboyè kejì nínú físíìsì, tí ẹnì kan bá sì ti sọ fún mi pé nǹkan báyìí "dín owó kù", ohun tí mo máa kọ́kọ́ béèrè ni pé: ibo ni owó náà wá lọ? Ẹ̀kọ́ físíìsì ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Agbára kì í ṣàdédé pòórá. Tó bá kúrò níbì kan, ẹ wá a lọ sí ibòmíràn. Owó iṣẹ́ náà fẹ́ jọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ni láti ìbẹ̀rẹ̀

Àwọn kan rò pé Kòrónà ló bí iṣẹ́ láti ilé. Rárá o. Ní ọdún 1973, ní Yunifásítì Southern California, Jack Nilles bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bóyá tẹlifóònù àti kọ̀ǹpútà lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́tò: dípò kí òṣìṣẹ́ máa gbéra lọ bá iṣẹ́, kí iṣẹ́ máa gbéra wá bá òṣìṣẹ́. Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. 1973 kan náà ni epo rọ̀bì gbówó lórí káàkiri ayé.

Nígbà tí Kòrónà wá dé, àwọn ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tètè mọ ìṣirò náà ṣe. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, Pinterest san mílíọ̀nù 89.5 dọ́là láti fi yọ ara rẹ̀ nínú àdéhùn ilé ńlá kan tó fẹ́ yá ní San Francisco. Ẹ gbọ́ mi yé o: kì í ṣe pé wọ́n fi owó yẹn gba ilé, wọ́n san án kí wọ́n má baà gba ilé ni. Ẹni tó lè san irú owó bẹ́ẹ̀ láti fi sá fún owó ilé, ẹ̀yin náà ẹ fojú inú wo iye tí owó ilé ọ̀hún máa jẹ́.

Ìyẹn ni apá ti ilé-iṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí òṣìṣẹ́ bá délé, ṣé iṣẹ́ ń lọ?

Wọ́n fi ọjọ́ ìbí ṣẹ́ kèké ní Shanghai

Ìwádìí tí àwọn èèyàn ń tọ́ka sí jù lọ wáyé nílẹ̀ Ṣáínà. Ctrip, tó ń jẹ́ Trip.com báyìí, máa ń bá èèyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù àti yàrá hòtẹ́ẹ̀lì. Ìṣòro méjì ló ń bá wọn fínra ní Shanghai: owó ọ́fíìsì ń gòkè, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gba ìpè oníbàárà sì ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lemọ́lemọ́. James Liang, ọ̀kan lára àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní Stanford nígbà náà. Òun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Nicholas Bloom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn pinnu pé àwọn ò ní méfò, àwọn máa dán an wò.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é, torí ibẹ̀ gan-an ni sáyẹ́ǹsì wà. Tí ẹ bá kàn ní kí ẹni tó bá wù máa lọ sílé, ó lè jẹ́ àwọn tó já fáfá ló máa lọ, ó sì lè jẹ́ àwọn ọ̀lẹ. Tí iṣẹ́ bá wá lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ilé ló fà á àbí irú ẹni tó wà nílé. Nítorí náà, ọjọ́ ìbí ni wọ́n fi ṣẹ́ kèké. Nínú òṣìṣẹ́ 996, àwọn 503 ló ní àwọn fẹ́. Nínú àwọn yẹn, 249 ló kúnjú ìwọ̀n. Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ tó ṣeé pín sí méjì, bíi ọjọ́ 2, 14 tàbí 30, ń ṣiṣẹ́ láti ilé fún ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ 3, 15 tàbí 29 dúró sí ọ́fíìsì. Ọjọ́ ìbí ò mọ ọ̀lẹ, kò mọ akíkanjú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìyàtọ̀ tó bá jáde, a lè nawọ́ sí ilé pé òun ló fà á. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2010.

Èsì rèé. Iṣẹ́ àwọn tó wà nílé fi ìdá 13 nínú 100 ju ti àwọn tó wà ní ọ́fíìsì lọ. Nǹkan bíi 9 nínú 13 yẹn wá láti inú pé wọ́n pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ sí i: wọn ò sinmi tó ti tẹ́lẹ̀, wọn ò sì gba àyè àìsàn tó bẹ́ẹ̀. Ìyókù wá láti inú pé ìpè tí wọ́n ń gbà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan pọ̀ sí i, torí ibi tí wọ́n wà pa rọ́rọ́. Àwọn tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ dín kù sí ìdajì. Ilé-iṣẹ́ náà ṣírò pé lórí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó wà nílé, nǹkan bíi 2,000 dọ́là ló ń kù sọ́wọ́ àwọn lọ́dún.

Ó dùn ún gbọ́, àbí? Ẹ dúró ná. Nígbà tí ìdánwò náà parí, tí wọ́n ní kí kálukú tún yan ibi tó wù ú, ó lé ní ìdajì wọn tó yí ọkàn padà. Àìrẹ́nìkan-bá-sọ̀rọ̀ nílé ló ń dà wọ́n láàmú jù. Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀: tí ẹ bá fi ẹni tó wà nílé wé ẹni tó wà ní ọ́fíìsì, tí iṣẹ́ àwọn méjèèjì sì dọ́gba, ẹni tó wà nílé kì í tètè rí ìgbéga. Ẹni tí ọ̀gá ò rí, ọ̀gá kì í tètè rántí.

Ilé là ń wò

Ohun tí àwọn tó ń pariwo 13 yìí kì í sọ ni ìtumọ̀ "kúnjú ìwọ̀n". Kí Ctrip tó gba orúkọ yín sílẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, kí íntánẹ́ẹ̀tì tó yá wà nílé yín, kí ẹ sì ní yàrá tí ẹ máa dá wà tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ctrip náà wo ilé kó tó sọ iṣẹ́ di iṣẹ́ ilé. Nọ́ḿbà 13 yẹn, ti ilé tó ní yàrá àti íntánẹ́ẹ̀tì ni, ní ìlú tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ò ti ní máa ronú bóyá wọ́n máa mú iná lọ.

Tí ẹ bá gbé irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kúrò níbẹ̀, èsì ń yí padà. Ní Chennai, nílẹ̀ Íńdíà, David Atkin, Antoinette Schoar àti Sumit Shinde gba àwọn èèyàn síṣẹ́ láti máa tẹ dátà sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ṣẹ́ kèké fún wọn bákan náà, àwọn kan nílé, àwọn kan ní ọ́fíìsì. Iṣẹ́ àwọn ará ilé fi ìdá 18 nínú 100 kéré sí ti àwọn ará ọ́fíìsì. Ní ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ńlá kan nílẹ̀ Íńdíà kan náà, wọ́n wo òṣìṣẹ́ tó lé ní 10,000 ṣáájú Kòrónà àti lẹ́yìn tí gbogbo wọn wọlé. Wákàtí iṣẹ́ wọn gùn sí i, ìpàdé pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń jáde ò pọ̀ sí i. Àwọn tó lọ́mọ nílé ló sì fojú winá rẹ̀ jù.

Ṣé ohun tí mò ń sọ ni pé kí gbogbo èèyàn padà sí ọ́fíìsì? Rárá. Bloom àti Liang, pẹ̀lú Ruobing Han, tún padà sí Trip.com ní 2021. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe àwọn tó ń gba ìpè ni wọ́n lò. Àwọn tó ń kọ kóòdù, àwọn tó ń ṣírò owó àti àwọn tó ń polówó ọjà wà níbẹ̀, gbogbo wọn jẹ́ 1,612. Ọjọ́ méjì péré lọ́sẹ̀ ni àwọn kan fi ń wà nílé, ọjọ́ mẹ́ta yòókù ní ọ́fíìsì. Èsì náà jáde nínú Nature ní 2024: àwọn tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù, iṣẹ́ ò sì fàsẹ́yìn. Ìgbéga pàápàá ò ní ìyàtọ̀ láàárín ọdún méjì tí wọ́n fi tọ́pa wọn. Owó gidi nìyẹn jẹ́ fún ilé-iṣẹ́, torí gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá lọ, wọ́n máa polówó iṣẹ́, wọ́n máa fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò, wọ́n tún máa kọ́ ẹni tuntun.

Nítorí náà, "ilé àbí ọ́fíìsì" kọ́ ni ìbéèrè tó yẹ ká máa bi ara wa. Irú ilé wo? Ọjọ́ mélòó? Ta ló ń san kí ni?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò iná

Ibí yìí ló ti kan àwa gan-an. Ọ̀rẹ́ mi kan ń kọ kóòdù fún ilé-iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ. Lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ náà kó kúrò ní ọ́fíìsì wọn. Wọ́n ní, "Ire ni fún yín o, ẹ máa ṣiṣẹ́ láti ilé." Owó ilé, owó dísẹ́ẹ̀lì, owó gáàdì, owó ẹni tó ń gbálẹ̀, gbogbo rẹ̀ kúrò lọ́rùn wọn. Owó oṣù ọ̀rẹ́ mi dúró sójú kan. Jẹnẹrétọ̀ kékeré wá bẹ̀rẹ̀ sí í ké lábẹ́ fèrèsé rẹ̀ ní Bódìjà. Mo bá a jókòó pẹ̀lú bírò àti ìwé.

Láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 65. Fáànù, 65. Ráútà, 10. Gílóòbù, 10. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wáàtì 150. Tó bá fi wákàtí mẹ́jọ ṣiṣẹ́, ó jẹ́ 1.2 yúníìtì, yúníìtì tí ẹ mọ̀ lórí mítà yín yẹn náà. Tó bá jẹ́ iná ìjọba ni, kódà ní iye Band A ti oṣù Kẹrin ọdún 2024, nígbà tí wọ́n gbé owó rẹ̀ láti nǹkan bí náírà 68 lọ sí 225, 270 náírà lójúmọ́ ló máa jẹ́ nígbà náà. Kò pa èèyàn.

Ẹ wá wo jẹnẹrétọ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní I-better-pass-my-neighbour. Ká fojú bù ú pé ó ń mu ìdajì lítà epo ní wákàtí kan. Wákàtí mẹ́jọ, lítà mẹ́rin. Ká ní lítà kan jẹ́ 900 náírà: 3,600 náírà lójúmọ́. Iná kan náà, láptọ́ọ̀pù kan náà, owó ti di ìlọ́po 13.

Kí ló fà á? Lítà epo bẹntiróòlù kan ní agbára tó tó nǹkan bíi yúníìtì 9 nínú. Lítà mẹ́rin, yúníìtì 36. Ṣùgbọ́n 1.2 péré ni ọ̀rẹ́ mi lò. Ìyẹn ni pé ohun tó wúlò fún un jẹ́ nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 péré. Ìyókù di ooru, ariwo àti èéfín. Ẹ̀bi ẹ̀rọ náà nìkan kọ́. Kí iná tó jáde lè bá ti NEPA mu, ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ máa yí nǹkan bí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ì báà jẹ́ gílóòbù kan lẹ fi sí i, ì báà jẹ́ firíìjì. Epo tó ń lò láti fi máa yí ara rẹ̀ nìkan ti pọ̀ ju èyí tó ń lò fún iṣẹ́ yín lọ. Ó dà bíi kí dáńfó elérò 14 gbé èrò kan ṣoṣo láti Ọ̀jọ́ta lọ sí Ọbáléndé: èrò kan lẹ rí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ odidi ló jẹ epo.

Ẹ wá kó èèyàn 50 jọ sínú ọ́fíìsì kan. Wáàtì 150 lọ́nà 50 jẹ́ 7,500. Fún wákàtí mẹ́jọ, yúníìtì 60. Jẹnẹrétọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tó bá iṣẹ́ náà mu lè pèsè nǹkan bíi yúníìtì 2.5 láti inú lítà kan, torí náà lítà 24 máa tó gbogbo wọn. Tí àwọn 50 yìí bá wà nílé, tí kálukú tan tirẹ̀, lítà 200 ni wọ́n máa jó. Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ ní amúlétutù ọ́fíìsì sọ 24 yẹn di ìlọ́po mẹ́ta, 72 ni. Kò tíì dé ìdajì 200. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, físíìsì náà gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyí. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan ní Shanghai rán òṣìṣẹ́ lọ sílé, owó ọ́fíìsì dín kù, owó ilé òṣìṣẹ́ ò sì fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ l'Ékòó tàbí n'Ìbàdàn ṣe bẹ́ẹ̀, iná tí wọ́n ń rà ní olówó osùnwọ̀n tẹ́lẹ̀, kálukú wá ń rà á ní ṣíṣẹ́ẹ̀kù ṣíṣẹ́ẹ̀kù, ní owó tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Owó náà ò pòórá. Ó ṣí nípò, ó sì tún sanra lójú ọ̀nà.

Dátà náà wà níbẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àjọ NCC gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó wọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì dẹnu kọlẹ̀ káàkiri ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ọ́fíìsì lè ra ìlà íntánẹ́ẹ̀tì méjì láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ méjì, kí ọ̀kan máa ran èkejì lọ́wọ́. Ẹni tó dá wà nílé ń kó síìmù kan jáde, ó ń ki òmíràn bọ̀ ọ́.

Ká má ṣe ojúsàájú, ọ́fíìsì náà ní owó tirẹ̀ lára òṣìṣẹ́. Ẹni tó ń ti Ìkòròdú lọ sí Victoria Island lójoojúmọ́ mọ̀ ju èmi lọ: owó ọkọ̀, oúnjẹ ìta, àti wákàtí tí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ń jẹ. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, jẹnẹrétọ̀ lè dínwó ju ọ̀nà lọ. Fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn dé ọ́fíìsì ní Bódìjà, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣirò kálukú yàtọ̀.

Ohun tí kì í hàn nínú ìwé owó

Owó kan tún wà tí àwa ọ̀dọ́ ń san láì mọ̀. Natalia Emanuel, Emma Harrington àti Amanda Pallais wo àwọn tó ń kọ kóòdù ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan l'Amẹ́ríkà. Àwọn tó jókòó sí ilé kan náà pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn ń rí àtúnṣe àti ìmọ̀ràn púpọ̀ gbà lórí kóòdù wọn ju àwọn tó jìnnà lọ, àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló sì ń jẹ àǹfààní rẹ̀ jù. Àwọn àgbà lẹ́nu iṣẹ́ ló ń san án: kóòdù tiwọn ń dín kù nígbà tí àwọn èwe wà nítòsí, torí wọ́n ń kọ́ni. Ní Microsoft, ìwádìí lórí òṣìṣẹ́ 61,182 fi hàn pé nígbà tí gbogbo wọn wọlé ní 2020, kálukú rọ̀ mọ́ àwọn tó mọ̀ tẹ́lẹ̀, ìfararora láàárín ẹ̀ka kan àti èkejì sì dín kù. Ẹni tó ti mọṣẹ́ lè fara da ìyẹn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ńkọ́? Gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ kì í jókòó sílé ara rẹ̀.

Kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé

Tí wọ́n bá fún yín níṣẹ́ tí ẹ máa ṣe láti ilé, ẹ má wulẹ̀ wo owó oṣù nìkan. Ẹ mú bírò. Ẹ kọ iye wákàtí tí iná ń wà ní àdúgbò yín lójúmọ́, kí ẹ ṣírò epo fún èyí tó kù. Ẹ fi dátà kún un. Ẹ yọ owó ọkọ̀ tí ẹ ò ní wọ̀ mọ́ kúrò. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni iye tí ẹ̀yin ń bá ilé-iṣẹ́ san nínú owó ọ́fíìsì rẹ̀, ẹ sì lè gbé nọ́ḿbà yẹn síwájú wọn láìjà láìta.

Ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́: ṣé owó iná àti dátà wà nínú àdéhùn, àbí ẹnu lásán ni? Ìkejì: ṣé a máa ń pàdé ní ojúkojú, lẹ́ẹ̀melòó lóṣù? Ìkẹta: ta ló máa máa wo iṣẹ́ mi, tó máa sọ ibi tí mo ti ṣìnà fún mi?

Tí wọ́n bá ní kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́, ẹ má béèrè owó epo. Ẹ béèrè sólà. 1.2 yúníìtì yẹn kéré fún oòrùn. Pánẹ́ẹ̀lì kan tó jẹ́ wáàtì 400, tó bá rí oòrùn gidi fún wákàtí mẹ́rin, máa mú yúníìtì 1.6 wá, tí ẹ bá yọ èyí tó ń ṣòfò nínú bátìrì àti ínfátà, nǹkan bíi 1.2 ló máa kù. Ẹ fi pánẹ́ẹ̀lì kejì sí i nítorí oṣù Keje tí ojú ọ̀run kì í là. Owó rẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n 3,600 lójúmọ́, fún ọjọ́ iṣẹ́ 22 lóṣù, ó ń lọ sí 79,200 náírà, oṣooṣù, láì dúró. Ilé-iṣẹ́ tó mọ ìṣirò owó ọ́fíìsì ṣe dáadáa máa mọ ìyẹn náà ṣe, tí ẹ bá gbé e síwájú rẹ̀.